Òróró télọ̀ ló mú fáànù inverter mi dákẹ́

Láti oṣù kìíní ni fáànù kékeré ẹ̀yìn inverter wa ti ń ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn náà mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe wá: ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé, ní àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sójú títì rẹ̀, nítorí náà tiwa kọjá ti ọyẹ́. Gbogbo eruku yẹn, fáànù yìí ló ń fà á wọnú.

Níbẹ̀rẹ̀, àárọ̀ nìkan ló máa ń ké. Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan inverter, á ṣe "kírírírí" fún bí ìṣẹ́jú méjì, tí ara rẹ̀ bá ti gbóná díẹ̀, á dákẹ́. Àṣé àmì gan-an nìyẹn: òróró inú rẹ̀ ti ki, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù kì í ṣàn àfi tó bá gbóná. Mi ò fura. Mo fi í sílẹ̀ títí ó fi di pé tọ̀sán-tòru ló ń han. Lóru ọjọ́ kan ìyàwó mi ta jí, ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ṣé eku lẹ ti ń sìn nínú ilé yìí ni?"

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa ní agolo kan tí wọ́n máa ń fọ́n sí bóòtù tó bá dípẹtà. Mo yá a, mo fọ́n ọn gba ojú ihò inverter wọlé, fáànù sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo yan bí ẹni tó gbowó oṣù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo padà dé, tọ̀tẹ̀ yìí sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi pé ẹnìkan ń ha ìdí ìkòkò.

Ẹ̀bi ẹni tó yá mi ní agolo kọ́, ohun tí wọ́n ṣe é fún kọ́ ni mo lò ó fún. Irú fáànù tiwa yìí, tó fẹ̀ tó mìlímítà 80, tó ń lo iná 12V, kò ní bọ́ọ̀lù nínú bẹ́rìn rẹ̀. Ọ̀pá irin kan ló ń yí nínú ihò idẹ. Idẹ ọ̀hún kì í sì í ṣe idẹ lásán: wọ́n lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n wá fi iná mú un títí tó fi lẹ̀ mọ́ra láì yọ́, kí ihò wẹ́wẹ́ lè kún inú rẹ̀. Inú àwọn ihò yẹn lòróró ń gbé, bí omi ṣe ń gbé inú kànrìnkàn. Ohun tí mo fọ́n sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa ń fẹ́ lọ bíi pẹtiróòlù. Ó fọ ìwọ̀nba òróró tó kù dànù, òun náà sì gbẹ lọ. Irin wá ń ha idẹ.

Ibi tí mo ti rí ojútùú ni ìsọ̀ màmá kan tó ń ránṣọ níwájú ilé wa. Mo gbé ṣòkòtò lọ kí wọ́n bá mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kán òróró sí máṣìnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òróró wo nìyẹn?"

"Òróró máṣìnì ni. Ṣé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fáànù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣáà má ki òróró ìdáná bọ̀ ọ́ o. Ọmọ iṣẹ́ mi kan dán an wò rí. Nígbà tó yá máṣìnì ò yí mọ́, bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òróró tá a fi ń dín dòdò máa ń ki tí ooru àti afẹ́fẹ́ bá ti bá a jìjàkadì pẹ́. Gírísì àti òróró ẹ́ńjìnì náà ki jù fún mọ́tò tí kò lágbára báyìí. Ti máṣìnì fúyẹ́, kò sì tètè gbẹ. Wọ́n bu díẹ̀ fún mi sínú ìgò oògùn ojú kan tó ti tán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tú u. Mo pa inverter, mo yọ ọ́ lára iná ilé, mo tú wáyà bátìrì, mo wá lọ jẹun. Kì í ṣe ebi ló ń pa mí: inú inverter ní àwọn agolo kéékèèké tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, wọ́n sì lè gbá èèyàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á tán. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, kó pe oníná.

Mo ya fọ́tò kí n tó tú súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n lè rántí ojú tó kọ síta, torí tẹ́ ẹ bá dà á dé, ibòmíràn ni atẹ́gùn máa gbà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá eruku rẹ̀. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi bílówà fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú, kó má baà sá àsápajúdé.) Lẹ́yìn náà mo fi èékánná ṣí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀, mo yọ rọ́bà pẹlẹbẹ abẹ́ ìwé náà, orí ọ̀pá irin sì yọ. Wọ́ṣà ike funfun kan tó ní ojú lílà ló dì í mú. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ tì í, ó ta pọ́n, ó di àwátì. Èmi àti Ayọ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wá a fún ogún ìṣẹ́jú kó tó rí i lábẹ́ àga.

Ohun tó wà lára ọ̀pá yẹn dúdú, ó sì ń yi, bí àdín tó jóná sídìí ìkòkò. Mo fi òwú tí mo rì sínú sípírítì nu ọ̀pá, mo nu ihò náà títí idẹ fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo kán òróró ẹ̀kán méjì sínú ihò, mo dúró kí ó mu ún, mo kán ẹyọ kan sí i, mo ti ọ̀pá padà (òòfà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbà á wọlé), mo dá wọ́ṣà padà, mo fi ọwọ́ yí i. Ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Mo nu èyí tó ṣàn síta, torí tó bá pọ̀ jù, abẹ̀bẹ̀ á ta á káàkiri, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, kò lẹ̀ mọ́ torí òróró ti kàn án, mo bá fi séló téèpù dí i.

Mo dá fáànù padà sáyè rẹ̀, mo so wáyà pupa inverter mọ́ pósítíìfù bátìrì, mo so dúdú mọ́ nẹ́gétíìfù, mo tan án. Mo ní láti gbé bébà síwájú fáànù kí n tó gbà pé ó ń yí.

Orí wú mi, mo bá gbé fáànù kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan náà sílẹ̀. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ mi síbí sọ́hùn-ún, ihò idẹ ti jẹ tán. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òróró fi tàn án, mo bá lọ Ògúnpa lọ ra tuntun.

Ti inverter ti lo oṣù mẹ́jọ báyìí. Màmá ti béèrè ìgò oògùn ojú wọn lẹ́ẹ̀mejì.