Bí dáyósíìsì Mẹ́tọ́díìsì ṣe lè kówó iṣẹ́ ńlá jọ láì ni àwọn sákíìtì lára

Ẹ̀yin ará mi, tí Sínọ́ọ̀dù, ìyẹn ìpàdé gbogbogbòò dáyósíìsì, bá ti fọwọ́ sí i pé kí dáyósíìsì, ẹkùn ìjọ tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kan, kọ́ nǹkan ńlá, gbọ̀ngàn ìpàdé o, ilé ìwòsàn o, ilé ìwé o, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni launching, ayẹyẹ ìkówójọ: ká tẹ káàdì, ká wá alága ọjọ́, ká kó àwọn olówó jókòó sí hai tébù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. Mo ti wà nínú kọmitíì tó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ń kéde owó lórí máíkì, gbogbo ilé ń hó, àmọ́ ọdún kejì pé a ò tíì rí ìdajì ẹ̀ gbà, àwọn tó ṣèlérí sì ti ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde kí akápò má bàa rí wọn. Ó dùn mí gan-an.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe jù, torí kíláàsì tí gbogbo wa wà nínú ẹ̀ yìí, àwùjọ kékeré nínú ìjọ tí olórí kan ń bójú tó, gbèsè ilé ló bí i. Ní February 1742 ní Bristol, àwọn èèyàn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa san gbèsè New Room, ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní tálákà pọ̀ nínú wa, wọn ò lè rí i. Foy ní ó dáa, ẹ fún mi ní mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù, èmi á máa lọ kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá rí i san kó san, ẹni tí ò bá rí, mo máa san tiẹ̀, kí ẹ̀yin tó kù náà gba mọ́kànlá mọ́kànlá. Ibi tí olórí kíláàsì ti jáde nìyẹn. Ẹ wò ó bí nǹkan yẹn ṣe jinlẹ̀ tó.

Ìwé ilẹ̀ ló ṣáájú o. Kí survey wà, kí ilẹ̀ wà lórúkọ ìjọ lọ́wọ́ àwọn trustee tó ń bá ìjọ di dúkìá mú, kó má jẹ́ orúkọ bàbá tó fi ilẹ̀ tọrẹ, torí ọmọ ẹ̀ lè dìde lọ́la. Kí ẹ wá gbé àwòrán ilé fún quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò iye tí ilé máa ná, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ kọngílá tó fẹ́ gbaṣẹ́ ló máa sọ iye tó máa ná yín. Gbogbo wa la mọ ohun tí sìmẹ́ǹtì àti irin ń dà lọ́jà, torí náà ẹ fi nǹkan lé iye tó bá mú wá, kí ẹ sì pín iṣẹ́ náà kí apá kọ̀ọ̀kan ti wúlò kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó dárúkọ iye kankan, ẹ rán èèyàn méjì méjì sí gbogbo sákíìtì, ìyẹn àwọn àkójọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú dáyósíìsì. Ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ lọ jókòó. Ẹ bi wọ́n pé kí làwọn náà ń kọ́ lọ́wọ́, ṣé àsẹ́sìmẹ́ǹtì ọdún yìí, owó tí dáyósíìsì bù lé wọn, ò ti ni wọ́n lára, èló ni wọ́n rò pé àwọn lè ṣe. Sákíìtì ìlú tó kún fún òṣìṣẹ́ báńkì àti ti abúlé tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ò lè gbé ẹrù kan náà, ẹ má pín in dọ́gba láé. Tí ìdáhùn bá tutù, ẹ dín ilé kù.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Ká ní mílíọ̀nù 60 náírà lẹ ń wá. Ẹnì kan mú mílíọ̀nù 6 wá, ẹni méjì mú 3, ẹni mẹ́fà mú 1, ẹni 12 mú 500,000, ẹni 60 mú 100,000: mílíọ̀nù 30 nìyẹn látọ̀dọ̀ ẹni 81 péré. Ilé wọn lẹ máa bá wọn, kí Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn lọ bá àwọn tó tóbi jù, kí ẹ̀yin tó lọ bẹ̀bẹ̀ ti dá tiyín kalẹ̀. Mílíọ̀nù 30 tó kù, tí ọmọ ìjọ 5,000 bá ń san 500 lóṣù fún ọdún kan, ó pé, kíláàsì ló sì máa gbà á. Àmọ́ ẹni tó ń san lẹ máa kà o, ẹ má ka gbogbo orúkọ inú rẹ́jísítà.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Owó kòkó máa ń wọlé láti October dé December, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìparí oṣù ni, September sì jẹ́ ti owó iléèwé, ẹ má yọ àwọn òbí lẹ́nu nígbà yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kó kọlu ìkórè.

Wọ́n máa ń gbé ìránṣẹ́ Ọlọ́run wa kúrò, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, alábòójútó sákíìtì tó bá yín bẹ̀rẹ̀ lè máà sí níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kan òrùlé. Nítorí náà ọwọ́ ọmọ ìjọ ni kí ìwé àkọsílẹ̀ wà, kí owó sì wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tó jẹ́ orúkọ dáyósíìsì, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí auditor tó wá látìta yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n ka ohun tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tó mú 14,500 wá gbọ́ orúkọ ara ẹ̀.

Ìgbà tí ìdajì owó bá ti dájú ni kí ẹ tó ṣe launching. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston, fídíò ibi tíṣẹ́ dé ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n fẹ́ fojú rí i.

Ẹni tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí olórí kíláàsì lọ kí i láì mẹ́nu ba owó. Tí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá sì kú, ẹ má kọ lẹ́tà gbèsè sáwọn ọmọ ẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, kí ẹ fagi lé iye tó kù.