Ẹ má tíì da nǹkan kan sídìí ixora tí ewé rẹ̀ ń pọ́n yẹn

Ixora, igi òdòdó inú ọgbà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì wa n'Íbàdàn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ti àárín ọgbà ń dán yọ̀yọ̀, ti ẹ̀bá ògiri pọ́n rúsúrúsú, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Mo ní ebi ló ń pa á, mo bu ajílẹ̀ sí i. Kò gbọ́. Ìgbà tí mo gbẹ́ ìdí rẹ̀ ni mo bá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni ixora ń fẹ́, pH (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó) bíi 5 sí 6, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tiwa sì ti kan díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló ń pa kíkan náà. Èròjà irin á wà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò ní rí i fà. Kí ẹ máa da oògùn lé àfọ́kù sìmẹ́ńtì, omi lẹ ń pọn sínú agbọ̀n. Ẹ kó o kúrò ná, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú dí ibẹ̀.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú ife, kí ẹ ta fínígà sí i. Bó bá hó ṣùù, ohun tí mò ń wí ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ fínígà parí síbẹ̀ o, ẹ má fi wọ́n òdòdó.

Eérú ńkọ́? Ìyá mi a máa dà á sídìí gbogbo nǹkan nítorí kòkòrò. Ní ti ixora, sìmẹ́ńtì ló ń bá ṣiṣẹ́. Èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín náà ò yàtọ̀.

Imí-ọjọ́ ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ kan, ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń sọ ọ́ di ásíìdì nínú ilẹ̀ tó rin, oṣù mélòó kan ni. Ẹni tó bù ú lónìí, tó tún bù ú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbòǹgbò ló ń jó: láti pH 6 sí 5, ìlọ́po 10 ni kíkan náà fi lé. Gíráàmù 50 tó fún mítà kan níbùú lóòró. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ dúró.

Ẹnì kan ní kí n lo omi bátìrì. Ásíìdì ni lóòótọ́, òjé sì máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ti lò. Rewáyà ló ni ín.

Ewé tó ti pọ́n kì í sábà padà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni kí ẹ máa wò.