Bí ilé búrẹ́dì kékeré ṣe lè dín ẹrù stóò kù kí iṣẹ́ má sì dúró

Owó ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ò sọnù, inú stóò ló há sí. Fúláwà ga dé àjà, yíìsì ń lọ sí ìparí ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń yáwó ra dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ ka gbogbo ẹrù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ da èyí tó ti bàjẹ́ nù, kí ẹ to èyí tó pẹ́ jù síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń lò lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìwé àti bírò tó o. Ẹ má tíì náwó lórí kọ̀ǹpútà.

Ibi tí wàhálà wà ni iye tó gbọ́dọ̀ kù nílẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn. Àwọn kan á kàn gé ẹrù sí ìdajì, láìmọ ọjọ́ mélòó lọjà fi ń dé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ààrò á tutù, àwọn tó ń gbà á tà á sì gba ibòmíràn lọ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà fún yín. Rìsíìtì ni kí ẹ wò: ọjọ́ tí ẹ sanwó, ọjọ́ tí ọkọ̀ já ẹrù. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá ń lo àpò fúláwà 6 lójúmọ́, tí ọjà sì ti pẹ́ tó ọjọ́ 4 rí, àpò 24 nìyẹn. Ẹ fi ti ọjọ́ kan kún un, ó di 30.

Ẹ gé páálí, ẹ fi mákà pupa kọ "RÀ" sí i, kí ẹ so ó mọ́ àpò tó pé ọgbọ̀n bí ẹ bá kà láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá kan àpò náà gbọ́dọ̀ mú páálí lọ bá ẹni tó ń ra ọjà lójú ẹsẹ̀. Bó bá fi páálí náà sápò aṣọ rẹ̀, asán ni gbogbo ìṣirò yẹn. Bí ọjà tuntun bá dé, ẹ̀yìn ni kí ẹ tò ó sí, kí ẹ tún ọgbọ̀n kà. Irú káàdì báyìí ni ẹnjiníà Taiichi Ohno fi to iṣẹ́ Toyota, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, ní Japan.

Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ yín sí yàtọ̀, torí atẹ̀wé máa ń pẹ́: ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé fúláwà fẹ́ gbówó lórí, owó ara yín nìkan ni kí ẹ fi rà á sílẹ̀, kì í ṣe owó èlé.