Bí mo ṣe fa sílíkọ́nù lórí kọ̀ǹpútà láti mọ iná tí ooru ń mú wá

Àbúrò ìyàwó mi ló bi mí: “Bọ̀ọ̀dá, tí a bá fa sẹmikọ́ńdọ́ktọ̀ (ohun tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀, bíi sílíkọ́nù) kó gùn díẹ̀, ṣé iná tí ooru ń mú jáde lára rẹ̀ á pọ̀ sí i?”

Tí ẹ bá mú orí kan sílíkọ́nù gbóná tí orí kejì sì tutù, fólítéèjì kékeré yóò yọ láàárín wọn. Thomas Seebeck rí irú rẹ̀ lára irin ní Berlin ní 1821, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pe iye fólítéèjì tó yọ fún dígírì kọ̀ọ̀kan.

Kubwa ni mò ń gbé, mi ò ní làbù, nítorí náà kọ̀ǹpútà àgbélétan ni mo lò, pẹ̀lú Quantum ESPRESSO, tó ń ṣírò ipò àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àti BoltzTraP2, tó ń ti ibẹ̀ ṣírò Seebeck; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ọ̀sán ni mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, nígbà tí sólà bá ń gbé ìnfátà ró.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí sílíkọ́nù náà wà láìsí wàhálà, kí n tó fà á gùn ní ìdá 1 nínú 100 lọ́nà kan. Mo wá tú ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sílẹ̀ kí wọ́n sún kì fúnra wọn. Ẹ má fo ibí yìí o: tí ẹ bá di ẹ̀gbẹ́ mú, agbára yóò máa fà á lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó kan ṣíṣírò ipò àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, mi ò ṣahun rárá. Iye ojú-àmì (àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù) tó tó fún iṣẹ́ mìíràn kò tó nǹkan fún Seebeck.

Ibi tó dùn nìyí. Àfonífojì mẹ́fà tó dọ́gba, ìyẹn ibi tí agbára wọn ti kéré jù, ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná nínú sílíkọ́nù ń gbé. Fífà yìí gbé méjì sókè, mẹ́rin sì lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí owó yàrá méjì bá gbówó lórí ní Kubwa tí gbogbo ayálégbé ya lọ sí mẹ́rin tó kù. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀, Seebeck sì dínkù. Mo fi bírò ṣe é kí n tó gba kọ̀ǹpútà gbọ́: máíkíróófólítì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù fólítì) 86, iye kan tí kì í yí padà nínú físíìsì, lọ́nà ln(6/4), ìyẹn lọ́gárídíìmù 6/4, ó jẹ́ nǹkan bí 35 fún dígírì kan. Iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn, ṣáájú fífà àti lẹ́yìn rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ń tan ara yín ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣí lọ yẹn fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀nà tí a fà: ìwúwo wọn níbẹ̀ jẹ́ 0.19 ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lásán, nígbà tí ti àwọn méjì tó gòkè jẹ́ 0.98. Ìṣirò ọwọ́ sọ pé iná ń kọjá níbẹ̀ ní ìlọ́po 1.37 ti tẹ́lẹ̀. Charles Smith, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ti wọ̀n ọ́n ní 1954 pé tí a bá fa irú sílíkọ́nù yìí, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé iná rẹ̀, lọ́nà yẹn, ìdènà iná rẹ̀ ń dínkù. Tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò bá pọ̀ jù, èrè náà borí àdánù Seebeck, àmọ́ ní ọ̀nà tí a fà nìkan. Ní ìbú, Seebeck àti iná tó ń kọjá ló jọ dínkù.

Mo sọ fún àbúrò mi pé bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀, tó bá mọ ibi tí yóò gbé fà á. Kó má tíì ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣá. Sílíkọ́nù ń gbé ooru kọjá ju bó ṣe yẹ lọ: nǹkan bí 148 wáàtì fún mítà kan fún dígírì kan, nígbà tí bismuth telluride, ohun tí wọ́n sábà máa ń lò láti fi ooru mú iná wá, kò ju bí 1.5 lọ. Okùn sílíkọ́nù tó tín-ín-rín gan-an ni mo ní kó lọ wò, torí ó ń dí ooru lọ́nà, ó sì lè gba fífà tí yóò fọ́ sílíkọ́nù ńlá.