Orin tí ò lọ́rọ̀ nínú àti fíìmù ẹranko: ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ kú ilé o. Ohun tó máa ń ká mi lára nídìí tẹlifíṣọ̀n ni pé Faransé ni gbogbo ẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń gbọ́, ìyá àgbà jókòó tì wọ́n á ṣáà máa bèèrè pé kí ló wí, kí ló wí, kẹ́nì kan sì tó túmọ̀ ẹ̀ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ti kọjá lọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣa èyí tí ò nílò ògbufọ̀ rèé.

Orin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun ló máa fún etí yín ní sùúrù. Ẹ wá àwo orin Kaira tí Toumani Diabaté, ọmọ Mali tó kú ní 2024, gbé jáde ní 1988. Kórà ló ta níbẹ̀, òun nìkan, kò sẹ́ni tó bá a lù ú. Igbá ńlá tí wọ́n fi awọ màlúù bò ni kórà, okùn 21 ló wà lára ẹ̀, àtàǹpàkò méjèèjì ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ dání, ìka ìfábẹ̀lá sì ń ta èyí tó wà lókè. Torí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí, tó bá parí ẹ dá a padà kẹ́ ẹ wá máa bá tòkè lọ, ó máa yà yín lẹ́nu pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ o, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ò ní jáde rárá, ẹ wá écouteur tàbí baffle kékeré.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ lọ sí New Ancient Strings, 1999, òun àti Ballaké Sissoko, kórà méjì, àwọn bàbá wọn náà sì ti jọ ta kórà sínú àwo kan ní 1970. Ọmọ Kutọnu tiwa, Lionel Loueke, náà ṣe àwo HH ní 2020, gìtá ni, ó dáa gan-an ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ẹ̀yìn, ó le díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan fíìmù. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa wò láyé yín, Microcosmos ni, ti 1996. Kòkòrò inú pápá kan ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n yà, kò tó wákàtí kan àbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu inú ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Yímíyímí kan ń yí ìgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbẹ́ yẹn wá há sára ẹ̀gún, ó tì í kò lọ, ó tún tì í, ó gba ibòmíì yọ sí i, gbogbo ilé á dákẹ́ máa wò ó títí tó fi já. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tó ti ṣoko rí jókòó síwájú, àwọn ló máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ẹ̀, Le Peuple migrateur, 2001, àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri ayé. Àwọn ẹyẹ míì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn ló tọ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí kámẹ́rà wà nínú ẹ̀ láìbẹ̀rù. Bruno Coulais ló ṣe orin fíìmù méjèèjì, ẹ lè wá orin yẹn lọ́tọ̀.

Ibi tí wífì wà ni kẹ́ ẹ ti gbà wọ́n sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́gà yín á tán kó tó dé àárín.

La Marche de l'empereur, 2005, gbẹ̀yìn, torí àwọn òṣèré ń fi Faransé sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Ẹ dín ohùn ẹ̀ kù kí ọmọ kan máa sọ ọ́ ní Yorùbá, pàápàá níbi tí àwọn bàbá ti gbé ẹyin lé ẹsẹ̀ nínú òtútù fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun.