Fi Ẹnu Sọ Ọ́ Kó O Tó Kọ Ọ́: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Tún LinkedIn Rẹ̀ Ṣe

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nídìí ẹ̀kọ́ microbiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo LinkedIn mi. Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn." Mo ṣí i, ojú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì tí àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ti ń pàdé. Àwòrán ọjọ́ matric ló fi síbẹ̀. Ó ti gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà ṣì wà léjìká rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, "Student" àti orúkọ yunifásítì ló wà níbẹ̀. Nínú About, ibi téèyàn ti ń sọ irú ẹni tóun jẹ́, ó ní òun jẹ́ hardworking, passionate, dynamic. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ibi tóun ti rí i lòun ti dà á kọ.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìkẹjà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ máa ń wo orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ wá ṣe IT, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ níta ilé-ìwé, lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni mo ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò lè fi wọ́n dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kejì.

Mo gba fóònù náà, mo dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Mo ní, "Fi Yorùbá sọ fún mi, bí ìgbà tó ò ń ròyìn fún Màmá. Kí lo ṣe ní IT?" Ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó ní pure water làwọn máa ń yẹ̀ wò. Wọ́n á kó ọ̀rá mẹ́wàá wá láàárọ̀, nígbà míì méjìlá. Òun ló ń po agar, oúnjẹ tí kòkòrò àìfojúrí máa ń hù lórí rẹ̀, òun ló ń gbé e sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, ní digirí 121 fún ìṣẹ́jú 15, òun ló ń fi omi náà sínú àwo, tó ń gbé àwo sínú incubator, ẹ̀rọ tó ń mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń ka ohun tó bá hù lójú àwo lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ṣe é. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ tó mọ gbogbo èyí lọ fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ náà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Jókòó ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ, kó o ròyìn iṣẹ́ rẹ fún un lédè tó o fi ń jẹun. Á bi ọ́ pé mélòó, níbo, ta lẹ jọ ṣe é. Ìdáhùn rẹ ni kó o wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, torí Gẹ̀ẹ́sì làwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń kà.

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ Settings, kó o pa ibi tó máa ń kéde fún àwọn èèyàn rẹ nígbà tó o bá yí nǹkan padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn á máa gbọ́ bó o ṣe ń tún un kọ.

Ìlà abẹ́ orúkọ, tí wọ́n ń pè ní Headline, ni kó o lo àsìkò lé lórí jù. Òun, orúkọ rẹ àti àwòrán rẹ ló máa ń tẹ̀ lé ọ káàkiri, ìbáà jẹ́ pé o dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tàbí o kọ̀wé séèyàn. Lẹ́tà 220 ni wọ́n fún ọ, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn. Torí náà, ohun tó o lè ṣe ni kó ṣíwájú. Ti àbúrò mi di: àyẹ̀wò omi àti oúnjẹ, oṣù mẹ́fà nínú láàbù, akẹ́kọ̀ọ́ microbiology. Jẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ tó ò ń wá wà níbẹ̀, torí òun làwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ láti fi wá èèyàn.

Má kọ CEO. Èmi náà kọ ọ́ rí nígbà tí mò ń ta lọ́fínńdà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bi mí pé òṣìṣẹ́ mélòó ni mo ní, n kò sì rí èsì fọ̀. Ká ní mo kọ ọ́ pé mo ta ogójì ìgò ní sáà ẹ̀kọ́ kan, tí mo sì kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ ní tọ́rọ́-kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn ì bá jẹ́.

Nínú About, ìlà àkọ́kọ́ ló máa fa èèyàn wọlé, torí wọ́n máa ń ká ìyókù mọ́ inú. Àbúrò mi fi ọ̀rá omi mẹ́wàá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun tó ń ṣe fún project rẹ̀, ó sọ irú láàbù tó fẹ́ lọ, ó parí rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pé àwọn ò ní nǹkan kan tí àwọn lè kọ sí Experience. Bẹ́ẹ̀ lógbúùkù IT wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ojoojúmọ́ lo kọ ọ́, ọ̀gá rẹ sì fọwọ́ sí i. Gbé e jáde, ka ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, kó o mú iṣẹ́ mẹ́ta tó o ṣe jù. Bó o bá jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ní department, kọ ọ́. Bó o bá ń bá ìyá rẹ kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú ìwé ní ṣọ́ọ̀bù, kọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n má ya àwòrán èsì àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ sórí ayélujára o. Ti àwọn oníbàárà wọn ni.

Ní ti àwòrán, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ògiri tí kò ní nǹkan lára wà lẹ́yìn rẹ. Bùláòsì àǹkárá tó mọ́ tó. Fi ímeèlì tìrẹ sí i pẹ̀lú, torí wọ́n lè pa èyí tí ilé-ìwé fún ọ rẹ́ lẹ́yìn tó o bá jáde.

Ibi tó kàn ni kò yé ọ̀pọ̀ wọn. Lọ sí ojú ewé yunifásítì rẹ lórí LinkedIn, kó o tẹ Alumni. Wàá rí ibi tí àwọn tó jáde níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí wọ́n kọ́. A wá àwọn tó kọ́ microbiology, a rí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù omi. Àbúrò mi fẹ́ kọ̀wé pé kó bá òun wáṣẹ́. Mo ní rárá, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí, kó kí i ná, kó sì béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ pé ẹ kú iṣẹ́ mà, department yín lèmi náà wà, oṣù mẹ́fà ni mo fi yẹ pure water wò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́ kún un kí n tó jáde?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù tàbí ti tréníngì kó tó fún ọ níṣẹ́, má fèsì. Iṣẹ́ kọ́ nìyẹn.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ la fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, obìnrin náà dáhùn. Ó bi í pé agar wo ló fi ń wá coliform, kòkòrò tó ń fi hàn pé omi lè má mọ́. Àbúrò mi ò tiẹ̀ pè mí kó tó fèsì. MacConkey ni.