Bí ọ̀ta àti òpè ṣe lè jọ ta chess láti ìlú sí ìlú

Ká ní ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìlọrin tí ó ti di ọ̀ta nínú chess, tí àbúrò rẹ̀ tí ó ń gbé ní Ọ̀fà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọ́n lè máa fi fóònù ránṣẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara wọn, kí eré kan ṣoṣo sì gbà wọ́n ní oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣe àdéhùn, kíá ni yóò sú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ yọ nǹkan kúrò nínú ogun tirẹ̀. Bí ìmọ̀ wọn bá jìnnà síra, kí ó yọ ẹṣin kan. Bí kò bá jìnnà púpọ̀, kí ó mú dúdú, kí ó yọ ọmọ-ogun tí ó wà ní f7 (lẹ́tà a sí h àti nọ́ńbà 1 sí 8 ni a fi ń dá ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó mọ̀), kí àbúrò sì kọ́kọ́ ta. Èyí sàn ju kí ẹ̀gbọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ ta ìtakúta lọ, nítorí òpè kì í rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú àánú.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ọjọ́. Nínú ìdíje ICCF, àjọ àgbáyé fún chess onílẹ́tà (chess tí a ń fi ìránṣẹ́ ta láti ọ̀nà jíjìn) tí a dá sílẹ̀ ní 1951, ọjọ́ 50 fún ìgbésẹ̀ 10 ni ó wọ́pọ̀. Àwọn méjì yìí lè fún àbúrò ní ọjọ́ márùn-ún fún ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ̀gbọ́n gba méjì. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kí wọ́n má kà á. ICCF gba kọ̀ǹpútà láàyè, ṣùgbọ́n kí àwọn yìí fòfin dè é, torí ẹni tí kọ̀ǹpútà bá ń bá ta kò nílò ẹṣin tí a yọ fún un.

Kí wọ́n máa fi nọ́ńbà kọ ìgbésẹ̀: a jẹ́ 1, b jẹ́ 2, títí dé h tí ó jẹ́ 8, tí e2 sí e4 fi di 5254. Kí ẹni tí ó ń fèsì kọ́kọ́ tún ìgbésẹ̀ ẹnìkejì kọ, kí ó tó kọ tirẹ̀.

Àbúrò gbọ́dọ̀ mọ ìlò àyè tí f7 fi sílẹ̀. Bí ó bá ta 5254, tí ẹ̀gbọ́n sì fi ìwàǹwára dáhùn pẹ̀lú 5755, kí ó ta 4185: ayaba ti dé h5, ó sì ń dojú kọ ọba tààrà láti ojú f7 tí ó ṣófo. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi 7776 dí i, 8555 ni èsì; ayaba ti jẹ ọmọ-ogun e5, ó tún dojú kọ ọba, ó sì ń wo rook (ilé-ìṣọ́) tí ó wà ní h8. Ọba ni ẹ̀gbọ́n yóò kọ́kọ́ gbà là, rook lọ nìyẹn.

Kí àbúrò to irú eré bẹ́ẹ̀ sórí pátákó kejì, kí ó fọwọ́ gbé e wò dáadáa kí ó tó fi ìgbésẹ̀ ránṣẹ́, nítorí a gbà á láàyè nínú chess onílẹ́tà. Ìgbà tí ó bá jẹ eré mẹ́ta léra, kí ẹ̀gbọ́n dá ẹṣin rẹ̀ padà, kí f7 nìkan ṣẹ́ kù tí yóò máa yọ.